Orúkọ Tó Há sí Ọ̀fun Ìlẹ̀kùn

Ìlẹ̀kùn yàrá òtútù kì í pariwo bó bá ń pa dé. Ó kàn máa ń mí fùúù, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àga jókòó sí, rọ́bà ẹnu rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ìyá Kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí àpótí kékeré tó ń wọn òtútù yàrá náà, ó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí láti òwúrọ̀ ni àpótí náà ti ń purọ́ pé ooru ti wọ ibẹ̀.

Ilé ìkóoògùnsí ni ibi iṣẹ́ wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ gbóná ló kún orí pẹpẹ irin tó yí yàrá náà ká, nínú páálí funfun, wọ́n dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ní kó má ṣe sọ̀rọ̀ nílé ìjọsìn. Obìnrin yìí ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn ilé náà, láti géètì títí dé ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti jẹ́ pé káàdì lásán ni wọ́n ń fi han ìlẹ̀kùn kó tó ṣí, Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń pè é.

Olùtọ́jú yàrá náà ló wọlé tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é nílé, Ẹ̀gbọ́n náà ló ń pè é níbi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí kan àwọn tó ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí.

"Ìyàwó, o ò wọ kóòtù?"

"N ò ní pẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ò kúkú wọ tiyín."

"Tèmi wà lórí ìṣó níta. Mo ní kí n kàn yọjú sí ọ ni. Ẹni tó fẹ́ yọjú sí ìyàwó ilé rẹ̀ á ha múra bí ẹni ń lọ sójú ogun?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, díẹ̀ náà ni ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mọ. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó yí padà, ó fi káàdì rẹ̀ kan ojú ẹ̀rọ ara ìlẹ̀kùn. Iná aláwọ̀ ewé ló yẹ kó tàn. Iná òféfèé kan ló tàn, tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú.

Ó tún fi káàdì kàn án. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún fi kàn án.

"Ìyàwó, ọmọ rẹ yìí ń ṣẹ́jú sí mi."

Ọwọ́ irin kan wà tẹ́lẹ̀ tí ẹni tó bá wà nínú lè fi ṣílẹ̀kùn láìlo káàdì. Ó ti kán láti ìgbà òjò. Wọ́n ránṣẹ́ sí wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, wẹ́dà ní ọ̀la lòun ń bọ̀, ọ̀la sì ti di oṣù. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Wọ́n ní káàdì ṣáà wà. Bí iná bá lọ pàápàá, ṣe ni ìlẹ̀kùn náà máa ń di ara rẹ̀ mú le sí i, kí olè má baà rí ọ̀nà wọlé. Ìyá Kọ̀ǹpútà wo kùkùté ọwọ́ irin náà.

Ojú kan yọ lára jígí kékeré tó wà lára ìlẹ̀kùn. Aṣọ́nà géètì ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà, nítorí kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un rí tí kò fi gbólóhùn yẹn dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Gbogbo ìlẹ̀kùn tó ti pa dé ló dákú o!" Ìlẹ̀kùn náà nípọn, bí ẹni ń kígbe láti ìsàlẹ̀ kànga ni ohùn rẹ̀ rí. "Ọ̀gá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn náà ò lè jáde! Wọ́n ń bú gbogbo wa láti inú ibẹ̀!"

"Lọ pa kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí àwọn ìlẹ̀kùn, kó o tún un tàn!" ni Ìyá Kọ̀ǹpútà fi pariwo dá a lóhùn.

"Kò sí wàhálà!"

Ó sáré lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná ara ìlẹ̀kùn kú, ó tún tàn, ó di àwọ̀ ewé bí ẹni ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ tó fi padà sí òféfèé rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n húkọ́. Ikọ́ kékeré ni, bí ẹni fẹ́ la ohùn. Ṣùgbọ́n fèrè kan dún tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀ àyà, fèrè tín-ín-rín, Ìyá Kọ̀ǹpútà sì mọ fèrè náà. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ikọ́ fée ni, àrùn ìdílé wọn, òun náà ló pa ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn tí ẹ máa ń fà sínú dà?"

"Nínú àpò kóòtù."

"Kóòtù ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n fi àgbọ̀n júwe ìlẹ̀kùn. Láti ojú jígí, wọ́n rí kóòtù náà lórí ìṣó, àpò rẹ̀ wú díẹ̀ níbi tí oògùn náà wà. Ó súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ìbá nawọ́ mú un. Kò-sí-wàhálà ti rí ibi tí wọ́n ń wò, ó ti gbé òkúta, ó sì ti ń fi lu jígí náà. Jígí náà sán wẹ́wẹ́, ó funfun, ṣùgbọ́n wáyà ló wà nínú rẹ̀, wáyà náà kò sì jẹ́ kó já. Láti ìgbà náà, wọn kò rí kóòtù mọ́. Òjìji aṣọ́nà nìkan ni wọ́n ń rí.

"Mo ti pe wẹ́dà!" ni òjìji náà wí. "Ó ní òun ń bọ̀!"

"Lọ́la àbí lónìí?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́.

Ìyá Kọ̀ǹpútà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Wáyà tó fi so ó mọ́ àpótí òtútù tún gba inú ògiri lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá, nítorí náà ó lè yọjú wo ohun tí ètò rẹ̀ ń ṣe. Ìka rẹ̀ ti ń kú. Ó yọjú.

Ètò náà kò sùn, kò sì kú. Iṣẹ́ ló ń ṣe kíkankíkan, ó ń làágùn ni ká wí. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló gbé dání. Awakọ̀ tó kó páálí oògùn wá lọ́sàn-án náà ló ni orúkọ yẹn, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìran rẹ̀: ó ti ní kí aṣọ́nà, tó ń kọ àlejò sínú kọ̀ǹpútà ní géètì, kọ orúkọ òun, ti bàbá òun, ti bàbá bàbá òun, àti oríkì òun lé e, gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan. Ní ìdí orúkọ gígùn náà, ìràwọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀.

"Kò-sí-wàhálà! Ta ló fi ìràwọ̀ sẹ́yìn orúkọ awakọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá! Láyé ìwé ńlá tá a fi ń kọ orúkọ àlejò, ẹni tá a bá ní ká máa ṣọ́, ìràwọ̀ la máa ń fi sẹ́yìn orúkọ ẹ̀. Ó bú mi! Ó ní mi ò níran!"

"Ṣé o ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ojoojúmọ́! Kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́, èmi náà á wá tún un kọ láìsí ìràwọ̀. Mo ṣáà fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ti gbọ́ lẹ́nu mi pé olúwarẹ̀ ò ṣeé fọkàn tán!"

Ìyá Kọ̀ǹpútà di ojú. Orúkọ kúkúrú ni kọ̀ǹpútà ti máa ń kọ̀ láàárín ìṣẹ́jú akàn. Eléyìí gùn. Gbogbo àṣẹ ìlẹ̀kùn ilé náà sì ń tò sẹ́yìn ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, wọ́n ń dúró de orúkọ yìí. Bí wọ́n bá sì pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún un tàn, orúkọ tí kò tíì gba ìdáhùn ni yóò kọ́kọ́ tún gbé sẹ́nu, kó tó ráyè gbọ́ ohun mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àlejò kankan má baà sọnù. Inú rere ló pè é nígbà yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí orúkọ náà yóò ṣe wọlé. Ó fi ìràwọ̀ kún ohun tí ètò lè gbà, ó fi í síbi tí kò yẹ, ó pa á rẹ́. Ó tún un ṣe lọ́nà mìíràn, ó rí i pé yóò ba ti àwọn yòókù jẹ́, ó pa á rẹ́. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìka tó ti kú ń tẹ lẹ́tà méjì níbi tó fẹ́ tẹ ọ̀kan.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fèrè náà ti ń dún, bí ìfé tí ọmọdé ń fi pe ajá tó sọnù. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún, ọkàn obìnrin náà á fò kúrò lórí kọ̀ǹpútà, á lọ sí ìkóríta. Ọ̀nà afárá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà ilé-ìwé lọ́wọ́ òsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ló wa ọkọ̀. Ó gba ọ̀nà afárá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kú sórí afárá. Ká ní ó gba ọ̀nà ilé-ìwé ńkọ́? Ká ní ó tètè jí, tó sì gba ọ̀nà afárá kí akẹ́rù tó débẹ̀? Ká ní ó pẹ́ jí, tó gba ọ̀nà ilé-ìwé, tó sì kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn nọ́ọ̀sì àdúgbò? Ká ní ó kan ìlẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, tó tún gba ọ̀nà afárá? Ó ti tò wọ́n, ó ti tú wọn, ó ti tún wọn tò láti ọdún tó kọjá wá. Níparí gbogbo rẹ̀, ibùsùn ilé ìwòsàn ló ń bá, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Máa bá mi sọ̀rọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti jókòó tì í, ó gbá orúnkún mọ́ra, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. "Bó o bá dákẹ́, àyà mi ni mò ń gbọ́. Kí ni nǹkan yẹn ń ṣe?"

"Orúkọ kan ló há sí i lọ́fun."

"Báwo?"

"Mo ṣe àwòṣe kan fún un, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló fi ń mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ. Mo ní kó gbé lẹ́tà, bó ti wù kó pọ̀ tó. Àlàfo lè tẹ̀ lé e, ó sì lè má tẹ̀ lé e. Kó tún gbé lẹ́tà, bó ti wù kó pọ̀ tó, títí orúkọ á fi tán."

"Kò burú."

"Wọ̀bìà ni, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ohun tó bá lè kó sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà ló ń kó sẹ́nu. Ó wá jẹ ẹ́ dé ìdí, ó kan ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kì í ṣe lẹ́tà."

"Kó sọ pé kì í ṣe orúkọ. Ṣebí ó parí?"

"Kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Á rò pé òkèlè lòun ò gé dáadáa. Á bi lẹ́tà kan padà, á sọ ọ́ di òkèlè ọ̀tọ̀, á tún jẹ ẹ́ dé ibi ìràwọ̀. Á bi méjì. Á gé méjì náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gé orúkọ tó gùn tó báyìí pọ̀ ju irun orí lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì fẹ́ tọ̀ kó tó gbà pé kò sí. A ò ní sí láyé nígbà tó bá parí."

Ẹ̀gbọ́n mí, ó tún mí. "Gbogbo ìgbà tó ń gé e yìí, ṣé ìràwọ̀ náà ń kúrò níbẹ̀ ni?"

"Rárá. Ibẹ̀ náà ló wà."

"Hẹ̀n." Ó fi ẹ̀yìn ti pẹpẹ. "Mo mọ ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìka obìnrin náà dúró.

"Ìyàwó ilé wa kan ni. Tó bá ti jáde níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á gba ọ̀nà afárá lónìí. Lọ́la, ọ̀nà ilé-ìwé. Á máa wo aago. Mo máa ń rí mọ́tò rẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́."

"Ṣe é. Ṣé mo di ọ lọ́wọ́ mú ni?"

Ó tẹ lẹ́tà kan. Ó pa á rẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ ọ́: "Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan ò wọjà."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ." Ẹ̀gbọ́n dúró kí èémí kó tó o. "Bí ọjà bá wá ti tú ńkọ́?"

Afẹ́fẹ́ òtútù ń hu lórí wọn láti inú àjà.

"Èmi ni mo gbé e wọ mọ́tò, ìyàwó. Ìwọ lo wà nídìí ọkọ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi lẹ́yìn. A ò tíì yọ sí títì." Ikọ́ dá a dúró. Ó dúró de ikọ́ náà títí ó fi lọ. "A ò tíì dé ìkóríta rárá. Fèrè náà ti dákẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọwọ́ rẹ wà lórí sítíárì. Ò ń bá a sọ̀rọ̀, ò ń ní kó rọ́jú, pé ẹ ti ń dé ibẹ̀. Ta ni ìbá la ẹnu?"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo rò pé o mọ̀. Ìgbà tí mo wá rí mọ́tò rẹ lọ́nà méjèèjì ni mo fura pé o ò mọ̀. Kò sí ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Títí a fi há síbí."

Omijé bọ́ sójú rẹ̀, ó gbóná ju gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà lọ. Kò nù ún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ó sì ń wo ìlà kúkúrú tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Láti ìgbà tó ti jókòó ló ti ń wá bí orúkọ náà yóò ṣe wọlé. Ta ló ní ó di dandan kó wọlé? Ìdáhùn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí. Kò bá a mu. Ìyẹn náà ìdáhùn ni, ìlẹ̀kùn ìbá sì ti gbọ́ ọ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ojú kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣú. Òtútù ti ń pa bátìrì. Ó pa àwòṣe àtijọ́ rẹ́, ó fara balẹ̀ tẹ tuntun, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ òkú. Kó gbé lẹ́tà. Bí òmíràn bá tún máa tẹ̀ lé e, àlàfo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàárín wọn, dandan ni. Ohun tó bá ti gbé mì, kó má ṣe bì í láti tún un gé. Bó bá kan ohun tí kì í ṣe lẹ́tà, kó sọ pé kò sí, kó sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tọ́jú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú pátápátá lórí itan rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ó ti wọlé kó tó kú.

"Kò-sí-wàhálà! Tún un pa, kó o tún un tàn!"

Kò gbọ́ kò-sí-wàhálà. Ẹsẹ̀ tó ń sáré ló gbọ́.

Ó fi apá méjèèjì gbá Ẹ̀gbọ́n mọ́ra bí ìyá ti ń gbá ọmọ. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Fèrè náà ti di tín-ín-rín gan-an, ó ń jìnnà. Iná ara ìlẹ̀kùn kú. Ó pẹ́ kó tó tàn. Ó tàn ní òféfèé. Ó ṣẹ́jú.

"Má dákẹ́," ni obìnrin náà ń sọ sí i létí, kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ni àbí Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fọn ọ́n."

Iná náà di àwọ̀ ewé. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà fi káàdì kàn án, ìlẹ̀kùn sì mí fùúù.

Ooru ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé bá wọn bí èèyàn. Nígbà tí Kò-sí-wàhálà sáré dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó já kóòtù lórí ìṣó, ó bọ inú àpò rẹ̀, ó fi oògùn náà sí Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fà á sínú. Ó tún fà á. Wọ́n jókòó sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń gbọ́ bí àyà kan ti ń là.

"Ọ̀gá ńkọ́?" ni ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ.

"Wọ́n ti jáde. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi àwọn ní ìbéèrè."

Níbi géètì, awakọ̀ náà ṣì dúró, ó ń bá ẹ̀rọ jà. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ síwájú rẹ̀ ní lẹ́tà pupa pé kì í ṣe orúkọ. "Orúkọ bàbá mi! Orúkọ bàbá bàbá mi! Òun ni kì í ṣe orúkọ?" Kò-sí-wàhálà bẹ̀ ẹ́, ó yọ ìràwọ̀ kúrò, ó tún orúkọ rẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà dúró tì wọ́n títí géètì fi ṣí fún un.

Ó gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà nírọ̀lẹ́ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi. Nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn ló jókòó sí, oorun gbé e lọ. Obìnrin náà ń gbọ́ èémí rẹ̀, èémí lásán tí kò ní fèrè nínú. Wọ́n dé ìkóríta. Iná tó ń darí ọkọ̀ dá wọn dúró níbẹ̀, obìnrin náà wo èémí náà nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn bí ẹni ń wo ohun tó ṣeé fojú rí, ó sunkún díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè ọkọ̀ sí i pé ọ̀nà ti là.

Ìgbà tó pa ọkọ̀ síwájú ilé, tó yí padà láti jí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara rẹ̀ pé ọ̀nà wo làwọn gbà. Kò rántí.